Ọkọ̀ Tó Gbóná Lọ́nà Likosi

Lọ́jọ́ tí ẹbí fẹ́ pín oko obì ní Likosi, Ọláníyọnu jí ṣáájú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀rínọlá jáde síta láti rin pákò, ó bá a níbi tó ti ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dé. Ó ní òun ti wo ọ́ìlì, òun sì ti wo omi. Ẹ̀rínọlá kí i kú iṣẹ́, ó lọ gbé ògì kaná. Oòrùn ti ràn dáadáa kí wọ́n tó kúrò ní Ìperu.

Ìdí igi ni wọ́n fẹ́ fi pín oko náà, ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí bàbá wọn fẹ́. Ẹ̀rínọlá nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Bí kò bá sí níbẹ̀ láti dáhùn fún ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dáhùn, àfi bó bá rán èèyàn. Bàbá Akínyọdé, olórí ẹbí, ti sọ ọ́ pé kí ọ̀sán tó pọ́n ni àwọn yóò ti parí rẹ̀, àwọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ẹ̀rínọlá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin àwọn igi obì tó wà létí títì. Ọláníyọnu sọ ọ́ nígbà kan pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ń wá kiri. Ẹ̀rínọlá ní kò sí ẹni tí yóò gé igi ìyá òun lójú òun. Ọláníyọnu rẹ́rìn-ín, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Wọ́n kọjá Ṣàgámù, wọ́n bọ́ sáàárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àwọn tírélà. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti gòkè pátápátá, ooru funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú ọkọ̀. Ọláníyọnu yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

“Jókòó síbẹ̀, Ìyá Tolúlàṣẹ. Omi yẹn lè bó èèyàn lójú.”

Ẹ̀rínọlá pe Yísà, mẹkáníìkì wọn ní Mákùn. Yísà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ so fáànù ẹ́ńjìnnì mọ́ iná tààrà, bí wọ́n ti máa ń ṣe é níbí, kí ó lè máa yí nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá wà ní títàn.

“Mọ̀mí, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí.”

Ọláníyọnu tẹrí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Ó ń yí.”

“Bó bá ń yí, kò yẹ kó gbóná báyẹn,” ni Yísà wí. “Àfi tí rédíétọ̀ bá ti dí.”

“O ò sì rí i nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ?”

“Kò dí nígbà yẹn, mà.”

Ẹ̀rínọlá pa fóònù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Lọ́jọ́ tí Yísà gba fíríìdọ̀mù, òun ni ìyá ọjọ́. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

“Jẹ́ kí n gun ọ̀kadà,” ló wí fún ọkọ rẹ̀.

“Láàárín àwọn tírélà yìí? Mi ò gbà. Tó bá tutù díẹ̀, a ó bu omi sí i.”

Kò tètè tutù. Ọláníyọnu ra omi inú ọ̀rá, ó bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Ó tan ọkọ̀, ó tún gbóná. Ó pa á, wọ́n tún dúró. Ó fi áńkáṣíìfù tirẹ̀ nu òógùn ojú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ti kọjá àtàrí, ó tún ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ti rí i, páìpù kan ló tú.

Láti ibẹ̀ dé Likosi, abẹ́rẹ́ kò gòkè mọ́. Ẹ̀rínọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ní ká ní òun nìkan ni, òun ì bá ti jókòó sójú títì máa sunkún.

Wọ́n ti ń kó àga wọlé nígbà tí wọ́n dé. Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Akínyọdé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ro ẹjọ́ ọkọ̀ àti ti Yísà ọ̀dàlẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi, o ò ṣẹ̀ wá,” ni bàbá wí, “kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ rẹ ti pè wá pé ọkọ̀ ti dákú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, pé o ní kí ìpín ìyá rẹ di tòun, a sì ti ṣe é bí o ṣe wí.”