Awakọ̀ Tó Ní Kò Sí "Ó Wà" Nínú Ọkọ̀ Òun

Kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ẹ kọ́kọ́ kà á dé òpin. Bí ẹ bá ń wa ọkọ̀, tàbí ẹ lẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ nílé, tiyín ni.

1.

Ọmọ Eleko ni Akíndàmọ́lá. Òkun ló gbé bàbá rẹ̀ lọ nídìí ẹja pípa, ló bá di bàbá fún àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúwaṣèyífúnmi, tí wọ́n ń pè ní Ṣèyí. Òun ló bọ́ ọ, òun ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ kunlékunlé. Ẹ má rò pé kò fẹ́ràn ọmọ náà o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bọ́ọ̀sì ńlá ni Akíndàmọ́lá ń wà, láti Lẹ́kkí Phase 1 sí Ajah. Nígbà tí wọ́n ya ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ lójú títì márosẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni jogún ilẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa bá bọ́ọ̀sì lò ó. Kì í ṣe Márúwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere tí à ń fẹsẹ̀ wà ni. Ọkọ̀ ti tẹ̀ wọ́n pa jù láàárín títì. Wọ́n ní kí awakọ̀ máa rọra tẹ̀lé wọn, kó má yà wọ́n sílẹ̀ àfi tí àyè bá gbà á dáadáa.

Akíndàmọ́lá yarí. "Ọ̀nà bọ́ọ̀sì! Ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń jẹ́ bọ́ọ̀sì ni?"

Ṣèyí ní tiẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Lẹ́kkí Phase 1 ló ń gbé nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ sì wà ní Addo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajah. Ó máa ń wọ sùtánà láti ilé, kò sì ní wọ bàtà, bí wọ́n ṣe ń ṣe.

"Bọ̀dá mi," ó ní lọ́jọ́ kan nílé ìyá wọn, "ọkàn mi balẹ̀ lọ́nà yẹn, torí ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

"Gbọ́ mi dáadáa. Tí mo bá bá ẹ lọ́nà mi, mi ò ní mọ̀ ẹ́ lábúrò. Màá gbá ẹ dànù ni."

Ìyá wọn fò dìde. "Akin! Tutọ́ ẹ dànù! Yí ọ̀rọ̀ yẹn padà!"

"Eré ni mò ń ṣe, Màámi." Kò tutọ́, kò sì yí i padà.

2.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ní Jakande, ó fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ti Ọlálérè, oníkẹ̀kẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ọgbà òdòdó ṣe, títí ọkùnrin náà fi forí sọ kọnkéré etí títì. Eyín rẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ bo àgbọ̀n rẹ̀. Níbi tó ti ń rá pálá, Akíndàmọ́lá bọ́ sílẹ̀, ó ta á nípàá níhà, ó sì fẹsẹ̀ tẹ rímù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi ká.

"Lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ!"

Àwọn èrò kan ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn náà kò mọ́.

Afusat, kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹ ti fọ́ eyín ọmọ ọlọ́mọ!"

Akíndàmọ́lá gbá a létí, gbòlà. Ẹ mọ̀ pé bí èrò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á pariwo, "Ó wà o!" awakọ̀ á sì dúró. Ọjọ́ yẹn ni Akíndàmọ́lá fòfin dè é: "Tí mo bá ti ki eré mọ́lẹ̀, kò sí 'ó wà' nínú ọkọ̀ mi mọ́. Pe 'ó wà' títí ọ̀fun ẹ á fi bẹ́, mi ò ní tẹ bíréèkì."

3.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Bọ́ọ̀sì mìíràn ń lé e bọ̀ láti ẹ̀yìn, Akíndàmọ́lá sì ti búra pé kò ní kọjá òun. Inú dígí ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, kò wo iwájú.

Afusat tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló rí aṣọ funfun lórí kẹ̀kẹ́ níwájú.

"Ó wà o! Ọ̀gá, ó wà! Ó wà níwájú!"

"Ó wà" nìkan letí rẹ̀ gbọ́. Èrò ló rò pé ó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. "Kò sí ó wà! Kó dúró dé Ajah!" Ó sì tún tẹ iná mọ́ ọn.

Bọ́ọ̀sì gbá kẹ̀kẹ́ látẹ̀yìn. Ara fò sókè, orí fọ́ gíláàsì iwájú, ó já bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Táyà iwájú gùn ún, tẹ̀yìn náà gùn ún. Nígbà tí bọ́ọ̀sì máa dúró, sùtánà ti wé mọ́ táyà, kò sì funfun mọ́.

Akíndàmọ́lá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè láti ta òkú nípàá kó tó rí àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. Ojú kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, àmọ́ àpá kan wà ní gìgísẹ̀ náà. Ìwọ̀ ẹja ló ya á ní Eleko nígbà tí Ṣèyí wà lọ́mọdé, òun Akíndàmọ́lá ló sì pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù.

Ó kígbe bí ẹran. Àwọn èrò ojú títì kò mọ ohun tó ń kígbe sí. Wọ́n fi òkúta àti irin bò ó, wọ́n ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n dáná sun bọ́ọ̀sì. Kò bẹ̀ wọ́n, kò sì sá. Àwọn ọlọ́pàá ló gbà á sílẹ̀.

4.

Ìyá wọn sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá, gèlè ti já lórí rẹ̀.

"Akin, wọ́n ní ọkọ̀ gbá Ṣèyí, wọn ò jẹ́ kí n rí i. Wọ́n ní o wà níbẹ̀. Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó wà?"

Ìyá rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Akin, mo bẹ̀ ẹ́, sọ fún mi. Ṣáà sọ pé ó wà!"

Ọ̀rọ̀ tó fòfin dè nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń tọrọ yẹn. Kò rí i sọ.

Ẹ̀yin awakọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé. Ẹ rọra tẹ̀lé e, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Tí wọ́n bá pariwo fún yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ná, kí ẹ tó bínú. Ẹ sì má fi ẹnu yín ṣépè tí ẹ ò ní lè kó padà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn.