Ẹní Ọlọ́dún Mẹ́fà

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Màmá Logoitino kú ni Taufau, àkọ́bí rẹ̀, dé láti Auckland pẹ̀lú àpótí aṣọ mẹ́rin àti ìwé kan tó ṣófo. Inú ìwé náà ló fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀ sí, èyí tí yóò kà lọ́jọ́ ìsìnkú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹgbẹ́ obìnrin abúlé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé tuntun tí wọ́n á ti máa hun ẹní, orúkọ obìnrin tó ṣiṣẹ́ jù lábúlé ni wọ́n sì fẹ́ fi pè é. Fetuao, olórí ẹgbẹ́, ti ní ọjọ́ ìsìnkú gan-an làwọn máa kéde rẹ̀.

"Orúkọ Màmá ni," Taufau sọ fún Setefano, àbúrò rẹ̀ tó ti Sydney wá. "Bí wọ́n bá pe ẹlòmíì, mi ò ní lè gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Auckland mọ́. Mo ti sọ fún gbogbo wọn."

"O ti sọ fún wọn kí wọ́n tó fún wa?"

"Ta ló tún kù?"

Inú ilé ńlá tí kò ní ògiri ni wọ́n jókòó sí, pósí wà níwájú wọn. Taufau yọjú wo inú rẹ̀. Ọwọ́ ìyá arúgbó náà dán, ó rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀, pé ikú ti pa làálàá ọgọ́rin ọdún rẹ́ lára rẹ̀. Setefano ṣe àmín.

Ìṣòro kan ló wà. Taufau ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lókè òkun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì wálé. Setefano ní tirẹ̀, ìgbà tó wá já àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ló wálé kẹ́yìn. Wọ́n mọ̀ pé ìyá àwọn ṣiṣẹ́. Irú iṣẹ́ tó ṣe ni kò fi bẹ́ẹ̀ yé wọn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí Lagi bá gbé tíì wọlé, wọ́n á bi í. Lagi ni ìyàwó àbúrò wọn tó ti dolóògbé. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nínú ilé náà, ọkọ kú, kò lọ.

"Lagi, ẹní ńlá inú àpótí ẹrù Màmá yẹn, èyí tó rọ̀ bí aṣọ àrán, ọdún mélòó ni wọ́n fi hun ún?"

"Ọdún mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n. Màmá Fetuao máa ń wá wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, bí wọ́n ṣe ń wọn ti gbogbo ilé."

"Ọdún mẹ́fà! Ìka ò wá bó ni?"

"Ó bó. Òróró àgbọn ni oògùn ẹ̀."

Taufau kọ ọ́ sílẹ̀. "Oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?"

"Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń dáná sí òkúta ààrò, kí kókò àti ẹja lè jinná kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù."

"Ta ló ń fọ aṣọ ilé pásítọ̀?"

"Ilé yìí ni, láràárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Yéè, ìyá mi!" Omi bọ́ lójú Setefano.

"Àdúrà ńkọ́?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti fun ìkarahun tí wọ́n fi ń pe abúlé sí àdúrà. Kò yẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí ibà ń gbọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Setefano, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n dé ọsibítù."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!" Setefano na ìka sí ìwé. "Kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n! Pẹ̀lú orúnkún Màmá tí kò ṣeé tẹ̀!"

Lagi kó àwọn ife jọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tọrọ àyè. Tí a bá sìnkú tán, mo fẹ́ lọ wo ìyá mi ní erékùṣù Savai'i."

"Ta ló máa wá dáná fún àlejò?" Taufau ò gbójú sókè. "Ìyàwó wa, ó yẹ kí ìwọ náà máa gbìyànjú díẹ̀. Ṣebí o rí àpẹẹrẹ Màmá."

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó lọ tán, Taufau rí àga ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e kọjú sí ilé ìdáná, abẹ̀bẹ̀ kan àti ọ̀pá gígùn kan wà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni Màmá ti máa ń ṣàṣàrò.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n tẹ́ ẹní ọlọ́dún mẹ́fà náà bo pósí, gbogbo èrò kígbe ìyìn. Taufau bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Nígbà tó dórí ìka tó bó, àwọn obìnrin ti ń fa imú. Nígbà tó dórí ọmọ tí ibà ń gbọ̀n, Fetuao fọwọ́ bojú. Àwọn kan tiẹ̀ ń wo apá ilé ìdáná, Taufau sì rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Ó gbé ohùn sókè. "Ẹ sọ fún mi, obìnrin mélòó ló tún wà bí irú èyí?"

"Ẹyọ kan ni!" ni wọ́n dáhùn.

Fetuao dìde, ó mú ẹ̀gbà òdòdó lọ́wọ́.

"Taufau, o ṣeun. Ó ti pẹ́ tí a ti fẹnu kò lórí orúkọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà wá pé ó lè bí ẹ̀yin ọmọ olóògbé nínú. Àṣé ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì ti fi ẹnu ara yín sọ ọ́."

Ta ni yóò bínú? Taufau dìde, ó nu ojú, ó tẹ orí ba díẹ̀ kí ẹ̀gbà náà lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn dáadáa.

Fetuao kọjá lára pósí, ó kọjá lára Taufau, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbé òdòdó náà kọ́ Lagi lọ́rùn níbi tó ti ń fọ abọ́.