Aṣọ Oyè Ògúnsanwó

Ní ọdún 1931, ayàwòrán kan, ará Spéìn, dé sí abúlé kan lẹ́bàá Anié. Ó fẹ́ ya olórí ìlú nínú aṣọ oyè. Irú iṣẹ́ tó ń ṣe ní Spéìn nìyẹn: ó ń ya olùṣọ́-àgùtàn nínú ẹ̀wù onírun, ìyàwó tuntun nínú ìborùn aláràbarà.

Olórí ìlú, Ògúnsanwó, kò sí nílé. Ó kọ̀ láti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ fọ́ òkúta lójú ọ̀nà réluwéè tí àwọn Faransé ń là lọ sí Blitta, ó sì ti pé oṣù mẹ́ta tó ti wọ igbó. Àwọn sójà tó ń wá a, àlejò ni gbogbo wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n lójú. Bí wọ́n bá rí i mú, kò ní padà wálé mọ́.

"Ẹ gbé aṣọ náà wá, èmi á wọ̀ ọ́," ni Isidore wí, ògbufọ̀ tí òyìnbó náà gbà ní Notsé, ẹni tí bàtà rẹ̀ ń dún kó tó yọ.

Ayàwòrán ní kò burú. Olùṣọ́-àgùtàn tí òun yà nílé, aṣe-búrẹ́dì ni. Aṣọ ni òun ń wá.

Inú bí Fáníyì, àkọ́bí Ògúnsanwó, ó fa àdá yọ. Ìbíọlá ìyá rẹ̀ gba àdá náà. Ó wọlé, ó gbé aṣọ, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ jáde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ró aṣọ náà fún Isidore, ó sì gẹ fìlà sí òsì, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń gẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ni Fáníyì wí. "Bàbá ṣì wà láàyè, ẹ ti ń fi aṣọ wọn wọ alárìnká."

Ìbíọlá fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí Isidore lọ́rùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Isidore fi jókòó fún ayàwòrán. Ó ń rán àwọn obìnrin ilé lómi, ó ń pe ara rẹ̀ ní Kábíyèsí. Inú ń bí àwọn àgbà débi pé wọ́n ń tutọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá. Ìbíọlá nìkan ló ń bu oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó bi í bóyá òyìnbó máa ń kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán.

"Ó máa ń kọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó kọ ti ọkọ mi. Òun ló ni aṣọ."

Isidore rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀, ayàwòrán sì kọ ọ́. Kó tó wọkọ̀ òkun lọ, ó fi àwòrán náà ta kọmandán tuntun, ọ̀gá àwọn Faransé ní Atakpamé, lọ́rẹ.

Fáníyì kó kúrò nílé ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kí obìnrin náà mọ́. Bó bá dé odò, àwọn yòókù á gbé ìkòkò wọn kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn sójà gbé àwòrán náà wá sí ọjà Anié, wọ́n de Isidore lókùn, ó ń ké ní èdè Faransé pé òun kọ́ ni Ògúnsanwó, wọ́n bá pe Ìbíọlá wá kó wò ó, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà nínú eruku, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́."