Fèrèsé Tó Ń Ka Èèyàn

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ ní?" Àlàmú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn fi fèrèsé tuntun sílé tán, ló bi Fadérera léèrè.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣebí torí ẹ̀ ni mo ṣe yan èyí tó ń dá kà?"

Ooru ara ni gíláàsì náà ń wò. Iye èèyàn tó bá rí ni ìjọba fi ń wọn ooru fún ilé, òtútù Kánádà ò sì mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Àlàmú tẹ bọ́tìnnì. "Èèyàn mẹ́fà," ni gíláàsì wí.

"Ó ti parí, mà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná." Fadérera wo àwọn ọmọ tó ṣì ń sùn lórí ẹní. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó na ìka sí wọn, ó ń kà wọ́n wúyẹ́wúyẹ́. Márùn-ún. Òun àti Àlàmú, méje.

Ó fò mọ́ àbíkẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bíi yìnyín. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó ń pè é: "Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ o! Ẹ tún un kà!"

Àlàmú tún tẹ bọ́tìnnì. "Èèyàn méje," ni gíláàsì wí.

Àjíkẹ́ bú sẹ́kún.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Fadérera wí. "Ọmọ márùn-ún ni mo ní."