Etí Oko Tó Mọ́ Kí Iná Tó Dé

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní àárín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kà á dé ìparí. Ìyá wa Abísọ́lá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún agboolé ní Ìdèrè, ní ọjọ́ kejì Iléyá ọdún 2024. Àbúrò rẹ̀ ni Sàláúdéènì tí ìtàn náà dá lé. Ilẹ̀ ni ìyá ń wò ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ ọ́.

1.
Bàbá Adélékè ni Baálẹ̀ Àgbẹ̀, Sàláúdéènì sì ni Ọ̀tún rẹ̀. Bàbá yìí ló fún Sàláúdéènì ní ilẹ̀ tó fi ń dáko nígbà tí kò ní nǹkan kan. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n oyè náà ń wu Sàláúdéènì, Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀.

"Bàbá Tàófíìk," ni Mùnírátù wí fún ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, "ọdún kẹtàlá rèé tí ẹ ti ń gbé àga tẹ̀ lé bàbá yẹn. Ṣé Ọ̀tún lẹ jẹ ni, àbí alábàárù?"

"Bàbá ti dàgbà. Sùúrù ni."

"Sùúrù kẹ̀! Ìyá wọn lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ máa ṣe sùúrù yín lọ."

Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

2.
Ẹ gbọ́ òfin àwọn àgbẹ̀ yìí dáadáa. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í finá sí igbó kí Baálẹ̀ Àgbẹ̀ tó kéde ọjọ́. Tó bá kéde, gbogbo wọn á fi àáró ro etí oko mọ́, láti oko kan dé èkejì, kí iná má bàa rékọjá. Ẹnì kan kì í dá tirẹ̀ ro. Bí iná bá sì sá jáde láti oko olóyè, olóyè náà á sọ̀ kalẹ̀.

Mùnírátù ló rán ọkọ rẹ̀ létí. Bàbá Adélékè máa ń sun iṣu ní abà oko rẹ̀ láràárọ̀, á sì fi eérú bo ẹ̀yinná di ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀yinná díẹ̀ ni," ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò ní kú. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ ro etí oko tiwa, kí tiwa má bàa bá a lọ."

"Mùnírátù, bàbá mi ni wọ́n."

"Bàbá yín ti kú tipẹ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ wá gba ìró mi, kí ẹ ró o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibí yìí ló yẹ kó ti dìde, kó lọ ṣe àlùwàlá. Kò dìde. Ní ọjọ́ Ajé, ó dá etí oko rẹ̀ ro. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá ti lọ sílé, ó fi ọkọ́ hú ẹ̀yinná jáde lábẹ́ eérú, ó dà á sínú koríko gbígbẹ.

3.
Oko mẹ́rin ló jóná. Ẹ̀gẹ́ Ọmọ́tárá, opó tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, kò ku ẹyọ kan. Iná náà dé etí oko Sàláúdéènì, ó dúró. Wọ́n ní olóríire ni.

Bàbá Adélékè pe gbogbo àgbẹ̀ jọ, ó ṣí fìlà.

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo rò pé mo bo iná yẹn dáadáa ni. Ẹ forí jì mí." Ó wá nawọ́ sí Sàláúdéènì. "Ẹ fi ọmọ mi yìí jẹ ẹ́. Òun kì í fi nǹkan ṣeré."

Wọ́n fi í jẹ Baálẹ̀ Àgbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kí i, àfi bíi pé wọ́n ń bú u. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí kó má bàa pàdé bàbá. Mùnírátù ní tirẹ̀ ti ń jẹ́ "Ìyàwó Baálẹ̀" lọ́jà.

4.
Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà, Sàláúdéènì náà kéde ọjọ́ iná. Àáró ń lọ láti oko dé oko títí wọ́n fi dé tirẹ̀. Ọmọ́tárá fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ó dúró. Wọ́n ti ro etí oko náà tẹ́lẹ̀, eérú iná ọjọ́sí sì wà lórí ibi tí wọ́n ro. Ẹni tó ro ó ti ro ó kí iná tó jó.

"Bàbá Tàófíìk, àáró wo ló bá yín ro ibí?"

Mùnírátù, tó gbé omi wá fún wọn, ní, "Àbí èèyàn ò gbọdọ̀ tún oko rẹ̀ ṣe mọ́ ni?"

Bàbá Adélékè ló rọra sọ̀rọ̀. "Bóyá èmi ni mo ní kó ro ó. Mo ti ń gbàgbé nǹkan."

Ọ̀rọ̀ yìí ló pa Sàláúdéènì. Ká ní bàbá bú u ni, ì bá jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú.

"Bàbá, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ bo iná yín dáadáa. Èmi ni mo hú u."

Mùnírátù fi ìborùn bo ojú.

5.
Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dá a padà fún bàbá. Sàláúdéènì pín ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí tiwọn jóná; ti Ọmọ́tárá ló pọ̀ jù. Bàbá Adélékè dárí jì í níwájú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gan-an ló fi pè é. Kò pè é ní ọmọ mi mọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ yẹ ìmọ̀ràn wò kí ẹ tó gbé e: ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn kọ́ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin aya, ohun tó ń jẹ ọkọ yín lọ́kàn, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ níná. Ẹ má ṣe fi ìṣubú ẹni tó gbé yín dìde ṣe àtẹ̀gùn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà.