Ọ̀dà Géètì Lára Mọ́tò Wa

Mo ń fi ọ̀dà géètì funfun kun ògbólógbòó mọ́tò wa.

Afẹ́fẹ́ òkun Àgbádárìgì ò jẹ́ kó gbẹ.

"Baba Ìfẹ́olúwa, búlúù ṣì ń hàn níbí o," ni Adùnọlá ìyàwó mi wí.

Mukhtar aládùúgbò wa ń wò wá.

"Ọ̀dà géètì? Ẹ kúkú fi àgádágodo sí i. Àbí ọlọ́pàá lẹ ń sá fún?"

A ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń retí wa ní ọsibítù.

Nígbà tá a débẹ̀, Ìfẹ́olúwa ọmọ wa jáde, ó dúró gbagidi, ó ń wo mọ́tò.

Olúwa, mú un lọ́kàn le.

Mọ́tò búlúù làwọn ajínigbé fi gbé e lọ.

Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dà tutù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Funfun ni," ó ní, ó sì wọ mọ́tò.