Ta Ló De Gásíkẹ́ẹ̀tì Yìí?

Ara Samson, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ò balẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tún ṣe lánàá ló tún padà dé yìí, tó ń súfèé bí ejò.

"Bọ̀dá Fọláyan, ẹ má sọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣáà fún un níná!" ni Samson pariwo sí awakọ̀ náà.

Ó ta omi ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọṣẹ ń hó yaya níbi gásíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó dí atẹ́gùn mọ́nú.

Kó tó tú u tán, Fọláyan ti bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti dojú gásíkẹ́ẹ̀tì náà kọ òdì.

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá gbọ́ ní gáréèjì Mazamaza kì í sùn níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é ò ní rọ́kọ̀ tún ṣe mọ́.

"Afọ́jú wo nínú yín ló de eléyìí?" ni Fọláyan fìbínú béèrè.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Màá pààrọ̀ rẹ̀," ni Samson yára dáhùn.

Lábẹ́ ibòòji, ọ̀gá Samson ń fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri, ó ń wá sípánà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an.